Omi òkun kan, bàbá kan, ọmọ kan: bí a ṣe ń ṣe fíìmù bàbá àti ọmọ tó ní idán nínú ní Iléṣà

Ìtàn Ajíbógun ni kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú fíìmù yìí ní Iléṣà kọ́kọ́ gbé síwájú ara rẹ̀. Ojú Odùduwà fọ́, wọ́n ní omi òkun ni yóò là á, Ajíbógun sì ni ọmọ tó gbà láti lọ bù ú wá. Ó pẹ́ lọ́nà. Ìgbà tó fi máa dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán. Omi náà la ojú bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n idà ni bàbá rí fún ọmọ tó bu omi. Ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni àwọn Ọwá Ọbòkun, ọba Ìjẹ̀ṣà, ti ṣẹ̀.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe tò: oògùn jẹ́, ojú là, ọ̀rọ̀ ogún ṣì wà nílẹ̀ gbalaja. Bí fíìmù yín ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ohun tó ń ba irú fíìmù yìí jẹ́ jù ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí idán parí ìjà. Wọ́n á bu omi sójú bàbá, bàbá á bú sẹ́kún, ọmọ á dì mọ́ ọn, orin á gba gbogbo ilé, ó tán. Ẹni tó ń wò ó kò ní gbà, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀ kò parí báyẹn rí. Ẹ jẹ́ kí idán hú ohun tí àwọn méjèèjì ti bò mọ́lẹ̀ jáde, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Fíìmù ìṣẹ́jú 20 ni a ní lọ́kàn níbí: ilé kan, ọjọ́ 4, òṣèré 5, ènìyàn 8 lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìtàn tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ nìyí. Bàbá kan wà ní Òkèsà, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọmọ rẹ̀ ti lo ọdún 15 ní Èkó láì wálé. Ó wá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi òkun lọ́wọ́.

Ẹ kọ ìjà kí ẹ tó kọ idán

"Wọn ò gbọ́ra wọn yé" kì í ṣe ìjà, àsọyé ni. Ẹ wá ohun kan tó ṣeé fọwọ́ tọ́ka: ilẹ̀, owó ilé ìwé, aya tí bàbá kò gbà kí ọmọ fẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyá kú, ó fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún ọmọ. Bàbá ta oko náà nígbà tí ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, kò sì sọ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìrántí ọdún kan ìyá ni ọmọ gbọ́. Ó dìde láàárín mọ̀lẹ́bí, ó pe bàbá rẹ̀ ní olè.

Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi báyìí, ìyẹn sì ni ẹ ń wá. Ẹ dán an wò: ẹ ro ẹjọ́ bàbá fún ẹnìkan, ẹ ro ti ọmọ fún ẹlòmíràn. Bí oníkálukú bá dá ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láre, ìjà náà dúró déédéé. Bí gbogbo wọn bá ń dá bàbá lẹ́bi, ẹ wá ìdí fún bàbá. Tiwa ni pé gbèsè ilé ìwòsàn ni wọ́n fi owó oko san, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì bẹ bàbá kí ọmọ má gbọ́. Bàbá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọdún 15 nítorí òkú, ọmọ ń bínú sí i fún ọdún 15 nítorí òkú kan náà.

Iṣẹ́ tí bàbá ṣe gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Ní Iléṣà, ó rọrùn: ẹ ṣe é ní ọmọ òṣómàáló, ẹni tó jogún òwò aṣọ láwìn lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Bí oníbàárà kò bá san owó, òṣómàáló á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ní ìdajì fíìmù, ẹ jẹ́ kí ọmọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, láì sọ nǹkan kan. Ìjẹ̀ṣà tó bá rí i á mọ̀ pé gbèsè ló wá gbà. Ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà á rí ọmọ tí kò fẹ́ lọ mọ́. Kò sí èyí tó ṣì í nínú àwọn méjèèjì.

Òfin idán

Ẹ kọ òfin idán sí gbólóhùn 3, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé. Tiwa:

Omi kẹ́ẹ̀gì yìí ń la ojú ẹni tó bá fi bọ́jú, títí omi yóò fi gbẹ lójú rẹ̀. Ohun tó ti kọjá nínú ilé yẹn ló ń fi hàn, kì í fi ti òní hàn. Ìgbà 3 péré ló tó bọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, bàbá bọ́jú, ó rí ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ọdún 12 níbi tí géńdé ọkùnrin dúró sí. Ó rẹ́rìn-ín fún ọmọdé náà, géńdé sì rò pé òun ni. Ìgbà kejì, bàbá rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí ìwé títa oko, ó sì kọ̀ láti sọ ohun tó rí. Ìgbà kẹta, ọmọ tí ojú rẹ̀ là kedere ló fi bọ́jú. Ó rí ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ bàbá. Kẹ́ẹ̀gì gbẹ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí idán mọ́, ìran tó ṣòro jù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kù: bàbá afọ́jú àti ọmọ tó mọ òtítọ́ nínú yàrá kan.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ìran 9 tàbí 10, nígbà tí òǹkọ̀wé bá há sí kọ̀rọ̀, tó wá fún omi ní agbára tuntun: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rírọ, ó ń dá owó padà. Bí òfin bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, òǹwòran kò ní bẹ̀rù mọ́ pé omi lè tán. Bí ẹ bá nílò idán kejì, ẹ padà lọ tún ìjà kọ.

Ẹnu bàbá, ẹnu ọmọ

Ojú ìwé kan máa ń sún mọ́ ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ojú ìwé 18 sí 20 ti tó, ìran bíi 14. Nínú irú fíìmù yìí, ẹ má jẹ́ kí ìran idán ju 4 lọ.

Bó ti wù kí inú bí ọmọ Yorùbá tó, ó ṣọ̀wọ́n kó pe bàbá rẹ̀ ní "o". Òǹkọ̀wé tó bá fi "o" sẹ́nu rẹ̀ láti fi ìbínú hàn ti ba ìran jẹ́. Inú ohun tí ọmọ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ni ìbínú rẹ̀ wà: ó ń kí láì pe "Bàbá", ó ń rán àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní ọ̀rọ̀ sí bàbá tó jókòó síbẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti jẹun." Ti bàbá tilẹ̀ tún le jù. Ẹ jẹ́ kí ó máa fi "ẹ" bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀: "Ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?" Gbogbo ilé Yorùbá ni eegun wọn máa rọ tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Nígbà tó bá wá pè é ní Àkànní ní ìran ìkẹyìn, tó ní "wá jókòó", ẹ kò nílò orin láti fi sọ pé nǹkan ti yí.

Èdè pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́. Bàbá ará Iléṣà á ní "ulé" níbi tí ọmọ tó ti pẹ́ ní Èkó ti ń ní "ilé", á ní "ugi" fún igi, "uṣu" fún iṣu. Ẹ mú àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà kan kó ka gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá sókè, kó sì tún un ṣe, kí ẹ tó fún òṣèré. Òṣèré tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà tó ń sín èdè náà jẹ máa ń di aláwàdà láìmọ̀. Ó sàn kó sọ Yorùbá àjùmọ̀lò ju kó sín in jẹ lọ. Ẹ mójú tó òwe náà. Òwe 2 ti tó fún bàbá nínú ìṣẹ́jú 20. Bàbá àgbà inú fíìmù tó ń fi òwe dáhùn "ẹ káàárọ̀" ti sú wa.

Ìran ìdọ̀bálẹ̀ la ó gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jù. Bàbá kò ríran. Ọmọ wọlé, ó kí, kò dọ̀bálẹ̀, ó rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ń retí ìró àyà àti ọwọ́ tó kan ilẹ̀, kò sì gbọ́ ọ. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú pálọ̀ láti ìran àkọ́kọ́, kí òǹwòran ti mọ bí ẹní náà ṣe ń dún tí àǹtí bá kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àìdún rẹ̀ á ké ju igbe lọ. Kámẹ́rà kó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sílẹ̀ fún ìran yìí, kí ẹsẹ̀ ọmọ àti ẹní tó ṣófo wà níwájú, kí ojú bàbá wà lókè lọ́hùn-ún.

Ilé àti àdúgbò

Àwọn ilé alájà àtijọ́ tí àwọn oníṣòwò aṣọ àti kòkó kọ́ ṣì wà káàkiri Iléṣà, èyí tó ní fèrèsé onígi àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni kí ẹ wá, nítorí ó máa jẹ́ kí bàbá gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ láti òkèèrè kí òǹwòran tó rí i. Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ Sátidé lọ́sàn-án àti ọjọ́ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pa ojú dé, kí ẹ gbọ́ gbogbo ohun tó ń dún fún ìṣẹ́jú 10. Ilé tó bá kọjú sí Ọjà Atákúnmọ̀sà lè rẹwà, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ó ṣe gba ohùn níbẹ̀. Ẹ kọ àkókò ìrun àti ti ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹ fi ìran tí kò ní ọ̀rọ̀ sí àkókò náà.

Orùlé páànù burú fún ìran ọ̀rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá: òjò á pa gbogbo ohùn. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dára jù. Ọyẹ́ á bo ìlú bí èéfín, oòrùn á rọ̀, ìdajì idán yín sì ti wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ewu rẹ̀ ni eruku: ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo kámẹ́rà láàárín ìran kan sí èkejì.

Fún àṣẹ, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé, ẹ lọ kí olórí àdúgbò, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀, kí ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya nítòsí Àfin Ọwá tàbí ojúbọ kankan, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé kámẹ́rà síta. Ẹ má lo ohun èlò òrìṣà tòótọ́ fún eré. Kẹ́ẹ̀gì lásán ni idán wa wà nínú rẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìran kan níta ilé, Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà, ọ̀nà Àkúrẹ́ ni, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìran tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ariwo omi yẹn kò gba máìkì kankan láyè.

Kámẹ́rà

Ẹ gbé e sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) jẹ́ 1/50. Ìdí rẹ̀ ni pé iná ìjọba nílẹ̀ wa jẹ́ 50 Hz, gílóòbù sì ń tàn, ó ń rọ̀, ní ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí shutter kò bá bá a mu, ìlà dúdú á máa gun òkè ògiri. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń fa wàhálà jù: bí ẹnìkan bá tan fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù, eré rẹ̀ á yí, gílóòbù á sì máa gbọ̀n bí shutter ti wù kó rí. Fún ìran tó bá ṣe pàtàkì, iná LED oníbátìrì ni kí ẹ lò.

Fóònù tó dára lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí bí ẹ bá lo áàpù tó ń jẹ́ kí ẹ ti ètò kámẹ́rà rẹ̀ pa kó má yí fúnra rẹ̀, bíi Blackmagic Camera tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ti ISO (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), white balance (bó ṣe ń to àwọ̀) àti focus (ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere) pa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún fóònù, á yí àwọ̀ padà láàárín ìran, idán tó fẹ́ àwòrán méjì tó bára mu kò sì ní ṣeé ṣe mọ́. Oòrùn òwúrọ̀ títí di aago 9 àti ti ìrọ̀lẹ́ láti aago 4:30 ni kí ẹ fi ya ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán gangan, ẹ wọ yàrá.

Bí a ṣe ń ṣe idán náà

Ojú tó ti fọ́. Ẹ má fi ohunkóhun sójú òṣèré, yálà oògùn tàbí lẹ́ǹsì funfun tí a rà lọ́jà. Afọ́jú inú eré wà nínú ọrùn ju ojú lọ: kí òṣèré máa fi etí kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ dúró sí ibì kan tó fi ìwọ̀n ọwọ́ kan rékọjá ẹni náà. Fún ohun tí bàbá fúnra rẹ̀ ń rí, ẹ mú fílítà gíláàsì tí kò ní àwọ̀, ẹ fi ìka kan ṣoṣo kun fasilíìnì sí i. Ẹ má kùn ún sórí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ láé. Kò ní jáde tán. Bí ẹ bá kun àárín, ìkúùkù bo gbogbo nǹkan. Bí ẹ bá kun ẹ̀gbẹ́ nìkan, ó dà bí ojú ẹni tí àrùn ojú glaucoma ti ń jẹ láti etí wá. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí omi idán bá kan ojú, ẹ yọ fílítà kúrò pátápátá. Ohun àtijọ́ kó mọ́lẹ̀ kedere, ti òní kó máa ṣú. Ọ̀pọ̀ fíìmù ń ṣe òdìkejì, wọ́n ń fi àwọ̀ pupa rúsúrúsú kun ìgbà àtijọ́. Nínú ìtàn yìí, irọ́ ni ìyẹn yóò jẹ́.

Omi tó ń tàn. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó funfun tí iná lè là kọjá, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù. Ẹ bu omi lítà 4 sí i, kí ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré mílíìkì sí i. Omi tó mọ́ kì í gbá iná mú, mílíìkì ló ń jẹ́ kó tàn. Bí ẹ bá fi ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dà bí omi ògì. Ẹ gbẹ́ ihò sára àpótí onígi, ẹ gbé iná LED kékeré sínú rẹ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lé ihò náà lórí. Ibi tí púpọ̀ ti ń kùnà nìyí: kẹ́ẹ̀gì ń tàn, ojú bàbá tó tẹ̀ lé e lórí ṣókùnkùn. Ẹ fi iná kejì pamọ́ sílẹ̀ níwájú bàbá, kí ó tàn láti ìsàlẹ̀, kó rọ̀ ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ, kí àwọ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó di iná yìí mú kó máa mì aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan níwájú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa rìn bí omi. Omi tí bàbá bọ́jú gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tó mọ́, láti inú abọ́ mìíràn.

Géńdé tó di ọmọdé. Ọgbọ́n yìí ti wà láti ayé Georges Méliès, onífíìmù ará Faransé, ní ọdún 1896: kámẹ́rà kò mira, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló yí. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ so àpò iyanrìn mọ́ ọn. Ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ géńdé wà. Bàbá nawọ́, ẹ ní "dúró", bàbá kò mira, géńdé jáde, ọmọdé bọ́ sórí àmì, eré tẹ̀síwájú. Ọwọ́ bàbá ló ń gbọ̀n tó sì ń tú àṣírí, nítorí náà ẹ wá ohun tí yóò gbé e lé, ẹ̀yìn àga tàbí ọ̀pá rẹ̀. Ẹ ti fèrèsé, nítorí bí ìkúùkù bá kọjá lójú oòrùn láàárín pààrọ̀ náà, ògiri á fò láti ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn. Ẹ ya ìṣẹ́jú-àáyá 5 tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń ṣe ẹ́dítì á dúpẹ́.

Bí pààrọ̀ yìí bá kọ̀ láti dán mọ́rán, ọ̀nà tó rọrùn wà: ẹ sá aṣọ sórí okùn, kí géńdé rìn wọ ẹ̀yìn aṣọ, kí ọmọdé sì jáde lápá kejì. Ilé oníṣòwò aṣọ ni, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tí aṣọ ń ṣe níbẹ̀.

Bàbá méjì nínú àwòrán kan. Ìgbà kejì tí bàbá bọ́jú, ó gbọ́dọ̀ rí ara rẹ̀ níbi tábìlì. Ẹ mú òṣèré tó tó ọdún 60. Bàbá ti òní ni ẹ ó fi àtíkè àti irùngbọ̀n funfun darúgbó. Ti ọdún 15 sẹ́yìn ni ẹ ó fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kun irun rẹ̀ dúdú. Ẹ ya ti ọ̀dọ́ kọ́kọ́, nítorí ó yá láti darúgbó ju láti tún di ọ̀dọ́ lọ. Ẹ fa okùn tín-ínrín sílẹ̀ ní àárín pálọ̀, kí kámẹ́rà rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Apá òsì ni ti ìgbà àtijọ́, apá ọ̀tún ni ti òní. Kò sí ọwọ́, kò sí òjìji tó gbọ́dọ̀ kọjá àárín. Òjìji ni wọ́n máa ń gbàgbé: iná tó wà lẹ́yìn bàbá ọ̀dọ́ á ta òjìji rẹ̀ sí apá kejì, á sì gé dànù lójijì ní ìlà náà. Nínú DaVinci Resolve, áàpù tí a fi ń ge fíìmù, ẹ tò àwòrán méjèèjì lé ara wọn, ẹ gé ti òkè ní àárín, ẹ jẹ́ kí etí ibi tí ẹ gé rọ̀ díẹ̀. Bí ìlà náà bá bọ́ sí ibi tí ògiri àti àpótí ti pàdé, ojú kò ní rí i rárá.

Ìyá fẹ́ ìyàtọ̀ díẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di iwin. Kó rìn, kó joko, kó bu omi mu bí ènìyàn gidi, nítorí àná ni, kì í ṣe òkú. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó fi yà á sọ́tọ̀ ni pé kò ní wo ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀.

Ohùn

Nínú fíìmù tí ẹni pàtàkì rẹ̀ kò ríran, ohùn ni ìdajì iṣẹ́, owó tí ẹ sì máa ná lórí rẹ̀ yẹ kó sún mọ́ ti kámẹ́rà. Ẹ fi máìkì sórí igi gígùn, kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60 sókè ẹnu, kó tẹ̀ wá sílẹ̀. Ẹ fi máìkì kékeré sí àyà bàbá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: agbádá àti àǹkárá tuntun máa ń dún kàkàkà. Aṣọ tí a ti fọ̀ dáadáa ni kí bàbá wọ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní 48 kHz, 24 bit, kí ibi tó ga jù má kọjá −12 dB. Àwọn òṣèré tó ti orí ìtàgé wá mọ bí a ṣe ń ju ohùn sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn nínú hẹ́fóònù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rọ̀ ọ́ fúnra wọn.

Jẹnẹrétọ̀ kó wà lẹ́yìn ògiri ilé mìíràn, ó kéré tán mítà 30, pẹ̀lú wáyà tó nípọn. Kí ẹ tó kúrò nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Láìsí i, ibi tí a ti gé ọ̀rọ̀ á máa já bí okùn.

Ẹ gba ìró òkun ní Èkó fúnra yín, kí ẹ fi ìbòrí onírun sórí máìkì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn nìkan lẹ ó gbé wálé. Ìró yẹn á wà nínú kẹ́ẹ̀gì: nígbàkígbà tí ẹnìkan bá gbé etí sún mọ́ ọn, kó dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó dín kù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bù ú. Ìgbà tó bá tán, kẹ́ẹ̀gì á dún bí ike lásán.

Ẹ gba ẹsẹ̀ ọmọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú fóònù tàbí nínú máìkì dáadáa. Ẹsẹ̀ yẹn ni bàbá á fi mọ̀ ọ́n ní ìran kejì, kí ó tó sọ "ẹ káàbọ̀".

Ọjọ́ mẹ́rin

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ ya ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìlóṣòó ọmọ, àti àwọn ìran àǹtí. Ọjọ́ kejì, gbogbo idán, nítorí wọ́n gba sùúrù, òṣèré kò sì tíì rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìran ìkẹyìn, pẹ̀lú ènìyàn 4 péré nínú yàrá. Ọjọ́ kẹrin, ìta, ẹsẹ̀, ọwọ́, kẹ́ẹ̀gì, àti ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bàbá àti ọmọ gbọ́dọ̀ ti jọ fi ọ̀sẹ̀ 2 kọ́ eré kí ẹ tó dé Iléṣà. Oúnjẹ àti ọkọ̀ máa ń jẹ owó ju ohun tí ẹ rò lọ; ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn títí di ọjọ́ kẹrin.

Lálaalẹ́, ẹ da gbogbo ohun tí ẹ yà sórí hard disk 2, kí àwọn méjèèjì sùn ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má pa ohun tó wà nínú mẹ́mórì káàdì rẹ́ títí ẹ ó fi ṣí fáìlì wò lórí disk kejì.

Lẹ́yìn yíyà

Ẹ kọ́kọ́ ge fíìmù náà láì fi ìran idán sí i. Bí ìjà náà kò bá dùn wò báyìí, idán kò ní gbà á là, ẹ sì ṣì lè wá ọ̀nà àbáyọ. Orin kó kéré. Gángan kan ṣoṣo ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju dùùrù tó ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ní Yorùbá àjùmọ̀lò fún ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà bàbá, àti ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó bá fẹ́. Ìlà 2, kí lẹ́tà inú ìlà kan má ju 42 lọ. Ẹ fi fáìlì SRT, èyí tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán wà nínú rẹ̀, pamọ́ ní UTF-8 tó ń gba lẹ́tà Yorùbá, kí ẹ lo fọ́ǹtì bíi Noto Sans, nítorí ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà kò lè gbé àmì ohùn lé ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀. Àpótí òfìfo ló ń jáde. Ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kan àti fóònù kan kí ẹ tó gbà pé ó ti tọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í han gbogbo ayé tàbí tà á ní Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, kí wọ́n sọ ọjọ́ orí tó lè wò ó. Ẹ fi àkókò tó pọ̀ sílẹ̀ fún èyí kí ẹ tó kéde ọjọ́. Fún gbọ̀ngàn kan ní Iléṣà, fáìlì MP4 ti H.264, 1920 × 1080, ti tó. Ẹ gbé e sórí fúláàṣì 2, kí ẹ fọ́mátì wọn sí exFAT, nítorí FAT32 kì í gba fáìlì tó bá ju 4 GB lọ, kí ẹ sì dé gbọ̀ngàn ní wákàtí 2 ṣáájú láti dán ohùn wò: bí ìdákẹ́jẹ́ ìran ìdọ̀bálẹ̀ bá ń kùn nínú sípíkà, wáyà tàbí iná gbọ̀ngàn ló ń ṣe é, ẹ yí pílọ́ọ̀gì náà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn.